Pèrègún Ẹ̀gbẹ́ Ilé Fótó

Ilé tí mo ti ń ya fótó ní Ìfànyìn, iyàrá méjì ni, ó sì kọjú sí ọ̀nà tó lọ sí Bánígbé. Ògiri alámọ̀ ni wọ́n mọ ọ́n, wọ́n fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ lójú, wọ́n sì fi páànù kan òrùlé rẹ̀. Ẹni tó bá kọjá níwájú rẹ̀ kò ní rí ohun kankan tó yà á sọ́tọ̀ láàrin àwọn ilé tó yí i ká. Ṣùgbọ́n bó bá wọ iyàrá iwájú, tó sì gbójú sókè, yóò rí i pé a ti gé páànù kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kan òrùlé náà, a sì fi dígí rọ́pò rẹ̀. Abẹ́ dígí yẹn ni iṣẹ́ mi wà. Kò sí iná mànàmáná ní Ìfànyìn nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ ya fótó nínú ilé, ojú ọ̀run ni yóò ti tọrọ iná.

Mo fẹ́ ṣàlàyé dígí yìí dáadáa, nítorí òun ni ẹjọ́ tí mo fẹ́ sọ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà lọ́wọ́ mi.

N kò ní ọ̀gá nídìí iṣẹ́ fótó. Ìwé Faransé kan tí mo rà ní Àjàṣẹ́, níbi tí wọ́n bí mi sí, ló kọ́ mi. Ìwé náà ní kí dígí òrùlé kọjú sí àríwá, nítorí oòrùn kì í dé ibẹ̀, àti pé ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ibẹ̀ wọlé a máa tutù, kì í gún ènìyàn lójú. Mo gbà á gbọ́, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìgbà ọyẹ́, ó rí bí ìwé ṣe wí gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, mo rí i pé oòrùn ọ̀sán ń gba inú dígí já bọ́ sórí imú àwọn oníbàárà mi, ó ń dán yanran níbẹ̀, ìyókù ojú wọn sì wà nínú òkùnkùn. Inú bí mi sí ìwé. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìlú òyìnbó ni ẹni tó kọ ọ́ ń gbé, níbi tí oòrùn ọ̀sán kì í ti í kúrò ní gúúsù. Ní tiwa, oòrùn a máa ṣí lọ sí àríwá nígbà òjò, a tún padà sí gúúsù nígbà ọyẹ́, bí ọkùnrin oníyàwó méjì. Nítorí náà ni mo ṣe ta aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ dígí, mo so okùn mọ́ ọn kí n lè máa fà á, kí n lè máa tú u. Mo kọ́ bó ṣe yẹ kí n fà á tó ní oṣù kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí mo mọ̀ ọ́n tán, kò sí ojú tó bà mí lẹ́rù mọ́: ojú arúgbó tó ti hunjọ, ojú ìyàwó tuntun, ojú àgbẹ̀ Dáàgbé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ erùpẹ̀ kúrò létí.

Àkókò tí gbogbo ènìyàn ń wá fótó sì ni. Àwọn Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wa ní òmìnira. Ìjọba tuntun fẹ́ fi ojú mọ àwọn ọmọ rẹ̀, a kò sì lè ṣe káàtì ìdánimọ̀ láìsí fótó. Àwọn ènìyàn á ti ọ̀nà jíjìn wá, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta, wọ́n á máa dúró de ìgbà tó máa kàn wọ́n.

"Mùsé Fótó," ọkùnrin kan wí fún mi lọ́jọ́ kan, "ẹ yọ etí mi méjèèjì o. Wọ́n ní búrò ìjọba kò gba elétí kan."

Onílé mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, ń gbé nínú agbo ilé ẹ̀yìn wa. Àgbẹ̀ ni, Mùsùlùmí tó ń kírun dáadáa ni, ó sì ti dàgbà kọjá ẹni tí a lè máa bá jiyàn. Lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ló ti jogún ilẹ̀ ẹ̀bá ọ̀nà náà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ fún un pé mo fẹ́ gé páànù rẹ̀, ó wò mí títí.

"Ìwọ ọmọ Àjàṣẹ́ yìí," ó ní, "àwọn ayálégbé mìíràn ń bẹ̀ mí kí n dí ihò òrùlé fún wọn. Ìwọ ló ń bẹ̀ mí kí n lu ihò sí tìrẹ."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbà. Ọjọ́ tí a ń to dígí náà, òun fúnra rẹ̀ ló di àkàbà mú fún mi, tó ń pariwo pé bí mo bá já bọ́, kí n má já lu òun. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń gbé pọ̀. Ìyàwó mi á gbé ìrẹsì Kérésì ránṣẹ́ sílé wọn, àwọn náà á gbé ẹran Iléyá ránṣẹ́ sí wa. Ohun kan ṣoṣo tí Bàbá kò gbà ni kí n ya òun ní fótó. Bí mo bá ti dábàá rẹ̀, á ju ọwọ́ nù. "Ẹni tó bá fẹ́ rí mi, kó wá kí mi."

Ìṣòro kan ló wá kù nídìí iṣẹ́ mi, òun ni oòrùn ìrọ̀lẹ́. Bẹ́ǹṣì tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Bí ọjọ́ bá ti rọ̀, oòrùn á kọjú sí wọn, wọ́n á máa dijú, wọ́n á máa làágùn, ojú tí wọ́n fi ń jìyà níta ni wọ́n á sì gbé wọlé wá fún mi láti yà. Àwọn mìíràn fẹ́ kí n yà wọ́n ní ìdúró, láti orí dé bàtà, ìta nìkan sì ni àyè wà fún ìyẹn. Níta ọ̀hún, ògiri tí òjò ti fọ̀ àti ewúrẹ́ ẹlòmíràn ló máa ń wà lẹ́yìn wọn. Mo ronú lé e lórí. Ohun tí mo nílò ni ohun tí yóò dí oòrùn, tí yóò sì jẹ́ ẹ̀yìn tó dára fún fótó. Ewé tútù ló dára jù, nítorí bí a bá fọ àwòrán tán, ewé á ṣú díẹ̀, agbádá funfun á sì yọ jáde níwájú rẹ̀ bí òṣùpá. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ewéko tó ń tètè hù, tí ewúrẹ́ kì í jẹ, tí a lè gé ní ọ̀pá kí a sì kì í bọlẹ̀ láìsí wàhálà.

Bí ẹ bá ti ń ka ìwé yìí, tí ẹ sì jẹ́ ọmọ àgbẹ̀, ẹ ti mọ ohun tí mo gbìn. Pèrègún ni.

Kì í ṣe pé n kò mọ̀ pé àwọn àgbẹ̀ ń fi pèrègún pààlà oko. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ṣùgbọ́n ní Àjàṣẹ́ tí mo dàgbà sí, inú ọgbà àwọn ọlọ́lá ni mo ti máa ń rí i, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òdòdó, ohun ẹwà lásán ni lójú mi. Ọ̀rọ̀ ààlà, ọ̀rọ̀ oko ni mo kà á sí. Ẹ̀bá ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà kì í ṣe oko. Mo gé ọ̀pá pèrègún láti inú ọgbà ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ tíṣà, mo sì gbìn wọ́n nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Nítorí pé n kì í lè ṣe ohunkóhun kó má tọ́, mo kan èèkàn kan sí ẹ̀bá kòtò ojú ọ̀nà, mo kan òmíràn sí ìparí ilé lẹ́yìn, mo ta okùn láàrin wọn, mo sì fi ọ̀pá kúkúrú kan wọn àlàfo láàrin pèrègún kan sí èkejì.

Aránṣọ tó wà ní òdìkejì ọ̀nà fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀, ó wá dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

"Fótó! Ta lò ń bá pààlà?"

"Oòrùn ni," mo dá a lóhùn. "Mo fẹ́ kó dúró sí ìhà tirẹ̀."

"Kí oòrùn náà lọ wá ẹlẹ́rìí tirẹ̀ nìyẹn o!"

A jọ rẹ́rìn-ín. Bàbá kò sí nílé. Oko ló wà, nítorí ìgbà iṣẹ́ oko ni, abà ló sì máa ń sùn nígbà bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó fi máa padà wálé, pèrègún ti yọ ewé tuntun. Mo bá a níbi tó dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọkọ́ ṣì wà léjìká rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan ewé kan, ó tẹ̀lé ìlà náà lójú láti ọ̀nà dé ẹ̀yìn ilé.

"Ó ti fìdí múlẹ̀," ó wí.

"Ó ti fìdí múlẹ̀ dáadáa, Bàbá," mo dáhùn, inú mi dùn. "Lágbára Ọlọ́run, kò sẹ́ni tó máa fà á tu mọ́."

Ó wò mí. Mo rò pé ó ń yìn mí ni. Ó gbé ọkọ́ rẹ̀ bọ́ sí èjìká kejì, ó sì wọlé lọ.

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti yí padà. Bí mo bá kí i, á dáhùn, ṣùgbọ́n kì í dúró béèrè àwọn ọmọ mọ́. Nígbà tí Kérésì dé, ìyàwó mi gbé ìrẹsì ránṣẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Abọ́ náà padà wá pẹ̀lú ìdérí rẹ̀ lórí, ìrẹsì sì wà nínú rẹ̀ bó ṣe lọ.

Ìyàwó mi gbé abọ́ náà ka iwájú mi. "Wọ́n dá oúnjẹ padà. Oúnjẹ o! Kí lo ṣe fún Bàbá?"

"N kò ṣe nǹkan kan."

"Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, wọn kì í dá ìrẹsì rẹ̀ padà."

Ọyẹ́ kò tíì lọ nígbà tí akọ̀wé ilé ẹjọ́ gbé ìwé wá fún mi. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, mo sì kà á dáadáa: onílé fẹ́ gba ilé rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ tó ń ti òkè ọ̀hún bọ̀, ní ìhà Nàìjíríà, láti wá ṣòwò níbẹ̀. Bí n kò bá kúrò fúnra mi, ilé ẹjọ́ ni yóò mú mi kúrò. Mo mú ìwé náà lọ́wọ́, mo lọ bá Bàbá nínú agbo ilé rẹ̀. Ó jókòó sórí ẹní, ó ń bó ẹ̀pà rẹ̀ bí ẹni tí kò rí mi.

"Bàbá, ẹ kú ilé. Kí ni mo ṣẹ̀ yín?"

"O ò ṣẹ̀ mí. Ilé mi ni mo fẹ́ gbà."

"Èwo nínú àwọn ọmọ yín ló ń bọ̀?"

"Ọmọ tó ń bọ̀, ń bọ̀."

"Ẹ dákun, bí ohun kan bá ń dùn yín, ẹ sọ ọ́ fún mi."

Ó gbójú sókè nígbà náà. "Ìwọ ló yẹ kó o ní nǹkan tí wàá sọ fún mi," ó wí. N kò mọ ohun tó ń sọ. Mo dúró síbẹ̀ títí ó fi dìde wọlé.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé mìíràn. Mo rìn yí gbogbo Ìfànyìn ká, aṣọ funfun wà lọ́wọ́ mi, èyí tí mo máa ń nà sókè nínú iyàrá láti wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bọ́ lé e. Igi máńgòrò ṣíji bo ọ̀kan. Òmíràn wà lábẹ́ ògiri gíga ilé aládùúgbò. Àwọn tó dára díẹ̀, onílé wọn kò fẹ́ gbọ́ pé kí ẹnikẹ́ni gé páànù. "Kí lo sọ pé o fẹ́ fi òrùlé mi ṣe?" Bí wọ́n bá lé mi kúrò níbi tí mo wà, kì í ṣe pé n ó kó ẹrù lọ sí ibòmíràn, iṣẹ́ fótó ti parí fún mi ní Ìfànyìn nìyẹn. N ó padà sí Àjàṣẹ́ níbi tí àwọn ayafótó oníná mànàmáná ti pọ̀, tàbí kí n wá iṣẹ́ akọ̀wé.

Ilé ẹjọ́ náà, adájọ́ kan ló ń wá síbẹ̀ láti Àjàṣẹ́ ní ọjọ́ ìgbẹ́jọ́. Kò gbọ́ èdè wa. Ògbifọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn àgbà ìlú méjì tó mọ àṣà sì jókòó lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀ láti máa gbà á nímọ̀ràn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó bi Bàbá bóyá mo jẹ ẹ́ ní owó ilé.

"Kò jẹ mí."

"Ṣé ó ń ba ilé jẹ́ ni?"

"Kò bà á jẹ́."

"Kí ló dé, nígbà náà?"

"Ọmọ mi ń bọ̀."

Adájọ́ yíjú sí mi, ó ní kí ni mo rí sọ. Mo ṣàlàyé dígí. Mo rò pé mo ṣàlàyé rẹ̀ jù, nítorí ògbifọ̀ dúró nígbà tí mo dé orí bí oòrùn ṣe ń ṣí lọ sí àríwá, ó sì fi ọwọ́ nu ojú. Adájọ́ ní bọ̀n, ó dára, òun kò mọ ilé náà, òun kò sì lè mọ bí dígí ṣe rí láti ibi tí òun jókòó sí. Mo fò dìde. Mo ní bí ilé ẹjọ́ bá gbà mí láyè, mo lè ya ilé náà ní fótó, iwájú, inú àti ẹ̀gbẹ́, kí gbogbo wọn lè rí bí mo ṣe ń tọ́jú ohun onílé. Ó gbà, ó sì sún ẹjọ́ síwájú.

"Wọ́n pè ọ́ lẹ́jọ́," ìyàwó mi wí bí a ṣe ń jáde, "o sọ ọ́ di iṣẹ́."

Òótọ́ ni. N kò tíì ya fótó kankan pẹ̀lú ìtara tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ya iwájú ilé ní òwúrọ̀. Mo ya dígí láti ìsàlẹ̀, pẹ̀lú aṣọ funfun tí mo fà dé ìdajì. Fún ti ẹ̀gbẹ́, mo gun orí tábìlì aránṣọ, mo sì dúró títí oòrùn fi rọ̀ sí ibi tí mo fẹ́. Èyí ló dára jù nínú gbogbo wọn. Pèrègún tò láti ẹ̀bá ọ̀nà dé ẹ̀yìn ilé, ó tọ́ ṣánṣán, ìmọ́lẹ̀ sì ń yọ létí ewé kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo fọ̀ ọ́ jáde nínú iyàrá dúdú, mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó. Mo gbà pé bí adájọ́ bá rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, kò sí bí yóò ṣe lé mi.

Lọ́jọ́ kejì ẹjọ́, mo gbé àwọn fótó náà síwájú rẹ̀. Ó wò wọ́n, ó mi orí, ó ní wọ́n lẹ́wà. Ó na wọ́n sí àgbà tó wà lọ́tùn-ún rẹ̀. Àgbà yẹn wo iwájú ilé, ó wo dígí, ó dé orí ti ẹ̀gbẹ́, ó sì dúró. Ó gbé e súnmọ́ ojú. Ó na òun nìkan sí ẹnìkejì rẹ̀. Ẹnìkejì náà wò ó, ó wò mí, ó sì ní kí wọ́n gbé e fún onílé.

Ọwọ́ méjèèjì ni Bàbá fi gbà á. Kò tíì di fótó mú lójú mi rí. Lójijì ló dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é.

"Ẹ wò ó!" ó kígbe. "Ẹ̀yin èèyàn, ẹ wò ó! Gbígbìn nìkan kò tó o, ó tún ti yà á! Ó ti kó ilẹ̀ bàbá mi sínú ìwé!"

Ariwo ta. Adájọ́ ń bi ògbifọ̀ léèrè ohun tó ń sọ. Ògbifọ̀ ní Bàbá ń sọ pé mo gbin ewéko kan.

"Ẹ̀ bẹ̀n, kí ló burú níbẹ̀?" adájọ́ wí. "Òdòdó ni."

Nígbà náà ni àgbà ọwọ́ ọ̀tún tẹ̀ síwájú, ó sì rọra ṣàlàyé fún un, ògbifọ̀ ń tú u: ní ilẹ̀ yìí, bí a bá rí pèrègún tó tò lọ gbọọrọ, ààlà ni. Ayálégbé lè gbin ẹ̀fọ́, ó lè gbin àgbàdo, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pààlà ń sọ pé ilẹ̀ ibẹ̀ di tòun.

Mo rántí ọkọ́ tó wà léjìká Bàbá. Mo rántí ohun tí ẹnu mi sọ, pé kò sẹ́ni tó máa fà á tu mọ́.

Adájọ́ bi Bàbá léèrè ìdí tí kò fi hú u dànù, nígbà tó jẹ́ pé ilẹ̀ rẹ̀ ni.

"Ta ló ń hú pèrègún ààlà?" Bàbá wí. "Bí mo bá fọwọ́ kàn án, gbogbo ìlú á ní mo jí ilẹ̀ onílẹ̀."

"Kí ló dé tí o kò bi í?"

"Kí n bi í pé kí ni? Bí mo bá bi àlejò léèrè pé ta ló ni ilẹ̀ bàbá mi, mo ti sọ pé n ò mọ̀ ọ́n nìyẹn." Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Àwọn ará ìjọba tó ń fi ṣéènì wọn ilẹ̀ ẹ̀bá ọ̀nà ń bọ̀ wá. Ohun tí wọ́n bá bá nílẹ̀ ni wọ́n máa kọ. Àwọn ọmọ mi wà ní òkè ọ̀hún. Lọ́jọ́ tí n ò bá sí mọ́, ta ló máa bá pèrègún jiyàn?"

N kò dúró de ògbifọ̀ mọ́. "Bàbá, oòrùn ni! Nítorí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ni mo ṣe gbìn ín!"

"Ta ní ń gbin pèrègún nítorí oòrùn? Ṣé ewéko tán láyé ni?"

"Nítorí pé ó ń tètè hù ni mo ṣe mú un."

"Okùn tí o ta ńkọ́? Wọ́n sọ fún mi. O ta okùn!"

"Kó lè tọ́ ni, Bàbá."

"Kí ló fẹ́ tọ́ fún?"

Láti ẹ̀yìn ni ohùn ìyàwó mi ti wá, ó ti dìde dúró láàrin àwọn obìnrin. "Bàbá, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn! Ẹ má dá a lóhùn! Bàtà àwọn ọmọ, ó máa ń tò ó lẹ́nu ọ̀nà bí sójà. Iṣu gan-an, kó tó jẹ ẹ́, á ti tò ó nínú abọ́!"

Gbogbo ilé ẹjọ́ rẹ́rìn-ín. Ògbifọ̀ tú u fún adájọ́, òun náà sì rẹ́rìn-ín. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó jókòó, ó sì tún fótó náà wò, ó wá ń wò mí bí ẹni tó ń wo ohun tí kò dá a lójú mọ́. Adájọ́ ní òun kò ní dá ẹjọ́ náà lọ́jọ́ yẹn. Kí a lọ bá ara wa sọ ọ́ níwájú àwọn àgbà, bí kò bá yanjú, kí a padà wá.

Níta, àgbà ọwọ́ ọ̀tún pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹnu kò lè tún èyí ṣe, ọmọ mi," ó wí. "Ọwọ́ tó gbìn ín ni kó hú u. Lójúmọmọ. Kí àwọn tó bá onílé rẹ pààlà lóòótọ́ wà níbẹ̀."

Òwúrọ̀ ni a ṣe é. Bàbá wá, àwọn ẹbí rẹ̀ wá láti Bánígbé, àwọn tí ilẹ̀ wọn fara kan tirẹ̀ wá, àgbà náà wá, aránṣọ gbé àga rẹ̀ wá sí etí ọ̀nà. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá kòtò. Àwọn kan jáde wẹ́rẹ́, àwọn mìíràn di ilẹ̀ mú ṣinṣin, mo ní láti wa ìdí wọn. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé gbòǹgbò pèrègún máa ń pọ́n bí ẹyìn tó pọ́n. Ó yọ jáde nínú ilẹ̀ pupa wa pẹ̀lú àwọ̀ yẹn, tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi kábàámọ̀ pé fótó kò lè mú un. Bí mo ṣe ń hú u ni ẹ̀yìn tí mo ti ń ya àwọn ènìyàn sí ń ṣí sílẹ̀, ògiri tí òjò ti fọ̀ tún yọ, ewúrẹ́ kan sì ti dúró sí ibẹ̀ ná.

Nígbà tí mo hú èyí tó kẹ́yìn, àgbà ní kí n sọ̀rọ̀. Mo ní ilẹ̀ yìí kì í ṣe tèmi, ti Bàbá ni, oòrùn nìkan ni mo fẹ́ fi pèrègún dí. Wọ́n ní ó tó.

Mo kó àwọn ọ̀pá náà jọ, mo fẹ́ lọ dà wọ́n nù.

"Má jù wọ́n nù," Bàbá wí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn. "Kó wọn, máa tẹ̀lé mi."

Ó mú wa gba ẹ̀yìn agbo ilé rẹ̀ kọjá, a kọjá ibi ìdáná, a kọjá kànga, a dé ibi tí n kò dé rí láti ìgbà tí mo ti ń gbé níbẹ̀. Pèrègún àgbà wà níbẹ̀, ìdí wọn ti nípọn, orí wọn ti ga ju ọkùnrin lọ. Bàbá rẹ̀ ló gbìn wọ́n. Àlàfo wà láàrin wọn níbi tí àwọn kan ti kú.

"Àwọn tí kò sí mọ́ ni kó o fi tìrẹ dí," ó wí. Ó wá fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò mí. "Okùn rẹ dà?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo mú okùn wá, nítorí pé mo rò pé ó ń sọ ọ́ tọkàntọkàn, mo sì ta á láti ìdí pèrègún àgbà kan dé ìdí èkejì. Mo rí i pé ìlà bàbá rẹ̀ kò tọ́. Ó wọ́ sí òsì díẹ̀ ní àárín, bóyá òkúta tàbí igi kan wà níbẹ̀ láyé ìgbà náà. Mo fẹ́ tẹ̀lé okùn. Bàbá fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Bó ṣe wọ́ yẹn ni kó o tẹ̀lé. Ibi tí gbogbo wa mọ̀ nìyẹn."

Mo ká okùn, mo sì gbìn wọ́n bí ìlà náà ṣe wọ́. Àwọn tí ilẹ̀ wọn fara kan tirẹ̀ dúró ní ìhà kejì, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ mọ́ wọn nídìí.

Ní ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tó tẹ̀lé e, Bàbá sọ fún adájọ́ pé òun ti gba ẹjọ́ òun padà. Adájọ́ béèrè ọmọ tó ń bọ̀. Bàbá ní ọmọ náà kò tíì gbéra. N kò rí ọmọ kankan tó dé láti wá ṣòwò ní ẹ̀bá ọ̀nà yẹn, n kò sì béèrè. Mo ta ẹní sí ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn ilé. Kò dí oòrùn tó pèrègún, afẹ́fẹ́ sì máa ń gbé e, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè ní mo ń fi ẹní pààlà.

Iléyá ọdún náà, wọ́n gbé ẹran wá. Bàbá fúnra rẹ̀ ló tẹ̀lé ẹni tó gbé e. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà iyàrá iwájú, ó gbójú sókè wo dígí.

"Ẹ̀rọ rẹ yẹn," ó wí, "ṣé ó lè dé ẹ̀yìn ilé?"

"Ó lè dé ibikíbi tí ìmọ́lẹ̀ bá dé, Bàbá."

"Gbé e, kó o wá."

Mo gbé e lọ sí ìdí ààlà, mo fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Bàbá wọ agbádá tó fi lọ kírun, ó sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ pèrègún tó ga jù, èyí tí mo gbìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ewé rẹ̀ ti yọ. Abẹ́ igi ni, ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀, nítorí náà mo sọ fún un pé kó má mira rárá títí n ó fi ní ó tó. Mo fi aṣọ dúdú borí, mo tún ojú ẹ̀rọ ṣe, mo jáde, mo ṣí i. Gbàrà tí mo ṣí i ni Bàbá yíjú sẹ́yìn. Ó wo pèrègún. Ó wò ó dáadáa, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì tún kọjú sí mi.

Nígbà tí mo fọ̀ ọ́ jáde, ó rí bí mo ṣe bẹ̀rù. Agbádá rẹ̀ mọ́ rekete, ewé pèrègún hàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí dé ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lára wọn, ṣùgbọ́n èéfín funfun kan ló wà níbi tí ó yẹ kí ojú rẹ̀ wà. Ó dùn mí. Mo gbé e lọ fún un, mo ní kó jẹ́ kí a tún un yà, n kò ní gba nǹkan kan.

Ó gbé e jìnnà sí ojú, ó gbé e súnmọ́.

"Pèrègún hàn àbí kò hàn?"

"Ó hàn, Bàbá. Ṣùgbọ́n ojú yín..."

"Àwọn ọmọ mi mọ ojú mi," ó wí, ó sì ki fótó náà bọ àpò agbádá rẹ̀.